Aràn Inú Kòmísẹ́ẹ̀

Ohun púpọ̀ ni mo ti gbàgbé láyé yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkùnrin ilé àyẹ̀wò kan bi aya mi léèrè, lójú gbogbo èèyàn tó jókòó, bóyá ó máa ń fi ahọ́n lá ara ológbò, ọjọ́ yẹn ò ní tán lọ́kàn mi. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá sọ sí mi lọ́kàn, ọwọ́ mi á dúró, ẹ̀rín á máa pa mí. Àwọn oníbàárà mi á máa wò mí, n kò sì lè sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni màá sọ fún.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Dassa, lẹ́bàá títì ńlá tó lọ sí Parakú. Ilé wa wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àpáta sì sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí eku inú wọn fi ka ilé wa sí yàrá tiwọn. Wọ́n jẹ àgbàdo wa, wọ́n jẹ iṣu, wọ́n jẹ okùn ṣájà tí mo fẹ́ tà. Nígbà tí wọ́n wá jẹ bàtà tí Félísítè aya mi fi ń lọ sí Máàsì, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó lọ gba ológbò pupa kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kpingni, ó gbé e wálé nínú agbọ̀n. Kò pẹ́ kò jìnnà, eku di ohun tí a ń fi pìtàn. Ológbò náà a máa yan káàkiri ilé, á wo ẹni tó bá wọlé láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Kòmísẹ́ẹ̀, bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Orí ibùsùn wa ló ń sùn, láàárín èmi àti aya mi, àyè tèmi ló sì máa ń gbà.

Nígbà tó yá, Félísítè lóyún. A ti ń retí oyún yìí pẹ́, débi pé ìyá mi tó wà ní Kèrè ti dẹ́kun bíbéèrè, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì ń dùn wá ju ìbéèrè lọ. Nítorí náà, bí oyún ṣe dé, mo yí padà. Mo gba garawa omi lọ́wọ́ aya mi. Mo gba ìgbálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan ẹran àgùntàn lẹ́bàá títì, èyí tí à ń pè ní ṣáṣángà, màá ra díẹ̀ fún un. Ó fẹ́ kí inú ẹran náà ṣì pupa, kí omi rẹ̀ máa ro tótó. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń yan án pé, "Ẹ má jẹ́ kó jiná jù, aboyún ló ni ín." Inú mi a sì máa dùn sí ara mi.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Félísítè ti ibi àyẹ̀wò aboyún dé. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èsì ti jáde.

"Wọ́n ní n kò ní tọ́ksò," ló sọ.

"Ọlọ́run ṣeun," ni mo fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí kò ní yẹn.

"Má tíì dúpẹ́. Agbẹ̀bí ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé n kò tíì kó o rí láyé mi, nítorí náà ara mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti kó o rí kí ó tó lóyún, kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó o nísinsìnyí, ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú. Ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó lè dé ọpọlọ rẹ̀."

"Kí tilẹ̀ ni í ṣe?"

"Kòkòrò kan ni, ojú ò lè rí i. Inú ìgbẹ́ ológbò ló máa ń wà."

Mo wo Kòmísẹ́ẹ̀. Ó nà gbalaja sórí àga, ó la ojú kan wò mí, ó tún pa á dé. Félísítè ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó mẹ́nu ba ẹ̀fọ́, ó mẹ́nu ba ẹran, ó mẹ́nu ba ọwọ́ fífọ̀, ṣùgbọ́n etí mi ti dúró sórí ológbò, kò tẹ̀lé e lọ síwájú mọ́.

"Láti òní lọ," ló fi parí ọ̀rọ̀, "ìwọ lo máa máa kó ìgbẹ́ rẹ̀."

Mo gbà. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára mi tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: n kì í lè rí ohun kan kí n má yẹ̀ ẹ́ wò. Fóònù tí kò bàjẹ́, màá tú u láti wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni yóò wá bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ibi ike oníyanrìn tí Kòmísẹ́ẹ̀ ń yàgbẹ́ sí, dípò kí n kó o dànù, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wò ó.

Ohun funfun kan wà lórí rẹ̀, ó dà bí hóró ìrẹsì. Mo rò ó pé ta ló fún ológbò ní ìrẹsì. Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́, ìrẹsì náà na ara rẹ̀ gùn, ó tún sún kì. Ó gùn, ó kì. Ó ń rìn.

N kò sá. Mo tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo wà níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri, mo ń bi ara mi pé níbo ni ohun tí kò ní ojú, tí kò ní ẹsẹ̀, rò pé òun ń lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìrántí kan fi wá bá mi. Mo ti rí irú nǹkan yìí rí, àwọn tó ti gbẹ, lórí ìrọ̀rí mi. Wọ́n rí bíńtín, wọ́n sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo rò pé yánmọtí ni. Mo bá Félísítè jà pé kó yé jẹ yánmọtí lórí ibùsùn, ó ní òun ò jẹ yánmọtí. Láti fi hàn án pé irọ́ ló ń pa, mo mú ọ̀kan, mo fi eyín iwájú gé e.

Ẹ jẹ́ kí n má sọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí fóònù. Ohun tó wà níbẹ̀ ju agbára ẹni tó ti gé yánmọtí jẹ lọ. Mo rí aràn tó dà bí okùn bàtà, mo rí èyí tó dà bí ìwọ̀, mo kà nípa ẹyin aràn tó ń dúró nínú ilẹ̀ de ọmọ tó ń fi ilẹ̀ ṣeré. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ikùn mi kùn, mo ní wọ́n ti dé. Félísítè ní ebi ló ń pa mí.

Ìròyìn dé Kèrè. N kò mọ ẹni tó gbé e lọ. Ìyá mi dé pẹ̀lú àpò iṣu àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Tọ́ntọ̀n Máàkù. Ìyá mi ò tíì jókòó tó fi ní kí a lé ológbò náà.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ ń bá ológbò sùn," ló wí. "Ẹ fẹ́ kí ológbò gba ọmọ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

Tọ́ntọ̀n Máàkù fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbé e fún mi. Ilé mi tóbi. Màá tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Gbogbo Kèrè ló mọ̀ pé ológbò a máa wọ ilé Tọ́ntọ̀n Máàkù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì rí èyí tó jáde. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ikùn Kòmísẹ́ẹ̀ ló ń wò, kò wo ojú rẹ̀.

Félísítè gbé ológbò náà sáyà. "Ìyá, ẹ má bínú. Ológbò mi ò ní lọ síbì kankan. Agbẹ̀bí ò ní kí a lé e, ó ní kí a ṣọ́ra ni."

Ìyá mi lọ já ewúro lẹ́yìnkùlé, ó gún un, ó ní bí ológbò ò bá ní lọ, aràn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo dì í mú. Ìyá mi da ewúro sí i lẹ́nu, Kòmísẹ́ẹ̀ sì ṣe ohun tí kòmísẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ẹni tó bá kọjá àyè rẹ̀. Ó ya apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó ta omi ewúro sí ojú Tọ́ntọ̀n Máàkù, ó gba ojú fèrèsé jáde sórí òkè.

Ó padà wálé nígbà tí ebi pa á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò fẹsẹ̀ kan ike oníyanrìn mọ́. Orí òkè ló ń lọ yàgbẹ́, láàárín àwọn àpáta. Àsìkò yìí gan-an ni dókítà ẹran tí mo lọ bá wá sọ fún mi pé kí n gbé ìgbẹ́ rẹ̀ wá, kó jẹ́ tuntun, kí òun lè wò ó kí òun tó fún un ní oògùn. Obìnrin kan ni dókítà yìí, ó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í kánjú. Ó fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí. Lọ́sẹ̀ kan náà, àwọn agbẹ̀bí ní ẹ̀jẹ̀ Félísítè kéré díẹ̀, kí òun náà gbé ìgbẹ́ tirẹ̀ wá sí ilé àyẹ̀wò, bóyá aràn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní ike kékeré kan tó ní ìdérí. Ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Èmi ò rí i.

Ní òwúrọ̀, mo tẹ̀ lé Kòmísẹ́ẹ̀ gun òkè. Mo jìnnà sí i díẹ̀, kó má baà fura. Ó dé ẹ̀yìn àpáta ńlá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ walẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn àpáta kejì, mo mú ike lọ́wọ́ kan, mo mú ṣíbí àlòkù lọ́wọ́ kejì, mo tẹ orí mi ba. Ó walẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ó lọ walẹ̀ níbòmíràn. Ológbò kì í fi nǹkan wọ̀nyí ṣe kánkán.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn obìnrin ìjọ méjì ló ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn lọ gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà. Wọ́n bá mi lórí eékún, mo dorí kodò, ọwọ́ mi pa pọ̀ mọ́ àyà. N kò lè sọ̀rọ̀, kí ológbò má baà sá. Ọ̀kan nínú wọn mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń gbàdúrà fún aya rẹ̀." Ni àwọn méjèèjì bá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n yọ rosárì.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Wọ́n ń ka Mo Kí Ọ Màríà, èmi náà ń kà á, ojú mi sì wà lára ìdí ológbò. A ti kà á lọ jìnnà kí Kòmísẹ́ẹ̀ tó gbé ìrù sókè. Bó ti parí tó fi yanrìn bò ó, mo rá pálá kúrò láàárín àwọn ìyá náà, mo fi ṣíbí bu nǹkan mi, mo dé e.

Ìyá tó dàgbà jù la ojú. "Kí lo rí níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Ohun tí mo ń wá ni, Ìyá."

"Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ nìyẹn?"

"Ó ti gbọ́ ọ."

Ó na ọwọ́, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án kó lè rí ìbùkún gbà. Mo ní rárá, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí i ní imú. Ó wo ike, ó wo ológbò tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí. Ó sàmì àgbélébùú sí ara rẹ̀, kì í ṣe sí mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àyè máa ń ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo délé, mo gba ike Félísítè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbé e lọ fúnra òun, mo ní kí aboyún sinmi. Mo fi tirẹ̀ sínú àpò ọwọ́ ọ̀tún àpò ẹ̀yìn mi, mo fi ti ológbò sí ọwọ́ òsì. Mo tún un sọ lẹ́nu kí n má baà gbàgbé: aya lọ́tùn-ún, ológbò lósì. Mo gun ẹ̀yìn zémì, alùpùpù akérò kan. Kí a tó lọ, ọkùnrin tó ni alùpùpù náà ní òun fẹ́ gbé obìnrin kan mọ́ mi lẹ́yìn, kí n dákun gbé àpò mi síwájú. Mo gbé e síwájú. Gbogbo bí a ṣe ń lọ, mò ń sọ ọ́ lọ́kàn: aya lọ́tùn-ún, ológbò lósì. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé bí èèyàn bá gbé àpò ẹ̀yìn wá sí àyà, ọ̀tún ti di òsì.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún yọ ike kan ní ilé àyẹ̀wò. Mo fi ọwọ́ òsì yọ èkejì lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń súfèé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi, Félísítè àti ìyá mi jọ lọ gba èsì. Orí bẹ́ńṣì kún. Ọkùnrin ilé àyẹ̀wò yọjú lójú fèrèsé kékeré rẹ̀, ó pe orúkọ aya mi. Ó wo Félísítè, ó wo bébà, ó tún wo Félísítè.

"Madaamu, ẹ má bínú. Kí lẹ jẹ ní ìjẹta?"

"Iyán ni."

"Iyán nìkan?"

"Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí."

Ó fi bírò họ orí. "Ẹ ò jẹ ẹyẹ? Bóyá láìtu ìyẹ́ rẹ̀?"

"Èmi?"

"Mo rí ìyẹ́ nínú ìgbẹ́ yín, Madaamu. Mo rí egungun tó jọ ẹsẹ̀ alángbá. Mo sì rí irun, irun pupa, ó pọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni gbogbo bẹ́ńṣì wá dákẹ́ láti gbọ́. "Mo tún rí ẹyin aràn kan tó jẹ́ ti ológbò. N kò rí i lára àgbàlagbà rí. Ṣé ológbò wà nílé yín?"

"Ó wà."

"Ṣé ẹ máa ń… ẹ má bínú o. Ṣé ẹ máa ń fi ahọ́n lá a?"

Bàbá àgbàlagbà kan ṣí fìlà kúrò ní etí rẹ̀. Mo retí pé inú yóò bí Félísítè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, omi ló kún un. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. "Ọmọ mi ńkọ́?" ló bi ọkùnrin náà. "Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi?"

Ẹ̀rín ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ìyá mi gbá a mọ́ra. Ó fi ọwọ́ kejì wá nọ́ńbà Tọ́ntọ̀n Máàkù lórí fóònù, ó ní ológbò yẹn ò ní sun ilé wa mọ́. Ohun tí èmi ń rò ni pé mo fojú ara mi rí aràn yẹn lórí ìrọ̀rí, mo dákẹ́, mo sì jẹ́ kí aya mi máa sùn níbẹ̀.

Fóònù mi dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: fóònù gbogbo Dassa ni mo ń tún ṣe, tèmi ni n kò ráyè tún ṣe. Ibi etí rẹ̀ ti kú tipẹ́, ohùn gbangba nìkan ló kù. Ẹni tó bá pè mí, gbogbo àdúgbò ló pè. Dókítà ẹran ni.

"Mùsíọ̀, ẹ káàárọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ológbò yín ni. Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Eku ló ń jẹ, dókítà."

"Eku kẹ̀? Kóró gúáfà ló kún inú rẹ̀. Kóró gúáfà àti èèpo tòmátì. N kò rí irun kan ṣoṣo. Mo wá aràn títí, n kò rí. Mùsíọ̀, mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ológbò yín ń jẹun bí aboyún."

Ọkùnrin ilé àyẹ̀wò wò mí, ó wo àpò tí mo tún gbé sáyà bíi ti àná, ó rọra fi bébà bo ojú ara rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Gúáfà mi," ni Félísítè wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Gbogbo bẹ́ńṣì tẹ̀ lé e. Félísítè nu ojú, ó yíjú sí mi, ó sì béèrè díẹ̀díẹ̀ bí adájọ́, "Ìgbẹ́ mi wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ó ní kò sí aràn níbẹ̀."

Ó já àpò náà gbà láyà mi, ó sì fi lù mí láti ojú fèrèsé títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò là wá.

Ní ọ̀sán, a gbé Kòmísẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó ti gbọ́, ìlú wa kéré. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń pa ètè pọ̀ nígbà gbogbo. Ó ya irun ológbò náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fi àwọn eégbọn wẹ́wẹ́ tó ń fò hàn wá. Ó ní inú eégbọn yẹn ni aràn náà ń gbé. Bí ológbò bá ń fi eyín họ ara, á gbé eégbọn mì, aràn á sì dàgbà sí i nínú. Ó fún un ní oògùn aràn, ó fún wa ní oògùn eégbọn, ó ní kí a fọ aṣọ ibùsùn, kí a sì yọ ológbò kúrò lórí rẹ̀.

Mo bi í ní ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn. "Dókítà, bí ẹnì kan bá ṣèèṣì… bí ó bá fi eyín gé ọ̀kan nínú àwọn funfun yẹn?"

"Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀?"

Félísítè nàka sí mi.

"Kò ní rí aràn gbà lọ́nà yẹn," ni dókítà wí. "Ó ní láti gbé eégbọn fúnra rẹ̀ mì. Àwọn ọmọdé ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má gbé eégbọn mì, Mùsíọ̀."

Mo ṣèlérí. Mo wá bi í nípa tọ́ksò, èyí tó bí gbogbo wàhálà yìí. Ó ní òótọ́ ni agbẹ̀bí sọ, ṣùgbọ́n ológbò tó bá kó o, ìgbà díẹ̀ péré ló sábà máa ń yà á sínú ìgbẹ́. Ìgbẹ́ tuntun pàápàá kò tíì lè ran èèyàn. Ó di kó dúró fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń kó o lójoojúmọ́, tí mo ń wọ ìbọ̀wọ́, tí mo sì ń fọ ọwọ́, tí Félísítè náà ń wọ ìbọ̀wọ́ bó bá fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ ọgbà, ológbò náà lè jókòó ti wa.

"Nǹkan mìíràn ni mo fẹ́ bi yín léèrè," ló wí. "Kòkòrò yẹn máa ń wà nínú ẹran pẹ̀lú, pàápàá ti àgùntàn. Madaamu, ṣé ẹ kì í jẹ ẹran tí kò jiná?"

Félísítè rọra yí orí sọ́dọ̀ mi. Mo rí ara mi lẹ́bàá títì ní ìrọ̀lẹ́, tí mò ń sọ pé ẹ má jẹ́ kó jiná jù. Mo ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn ológbò, mo ti ka rosárì sí ìdí rẹ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ ní Kèrè, ìgbà tó sì jẹ́ pé ẹni tó ń gbé ewu wálé nínú bébà tí wọ́n fi di ẹran, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi ni.

"Ó máa ń jẹ ẹ́," ni mo sọ. "Èmi ni mò ń rà á fún un."

Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò tó kàn tó. Títí èsì fi jáde, a ò bá ara wa ṣe àwàdà. Félísítè a máa gbé ọwọ́ lé ikùn láìmọ̀, èmi á máa wò ó, á ní kí n yé wo òun. Kò kó o. Agbẹ̀bí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un sọ. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò títí oṣù fi pé, kò kó o. Ní ti ìgbẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé òmíràn lọ, kò jẹ́ kí n rí ike náà lójú. Tọ́ntọ̀n Máàkù, tó ti gbé agbọ̀n dé ilé wa lọ́jọ́ tí ìyá mi pè é kó tó gbọ́ bọ́ràn ṣe jẹ́, fi iṣu kún un, ó gbé e padà lọ sí Kèrè. Ó ní bí a bá yí èrò padà, kí a pe òun.

Ọmọbìnrin la bí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Nísinsìnyí ó ti ń rá kòrò káàkiri àgbàlá, èmi sì ti di ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ológbò. Ẹni tó bá gbé fóònù wá fún àtúnṣe, tó sì ní ológbò nílé, kò ní lọ láìgbọ́ ìwàásù: kí ó fún un ní oògùn aràn, kí ó pa eégbọn ara rẹ̀, kí ó kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹran jiná. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí kọ́ mi pé kò dára kí èèyàn fojú sun ẹni kan ṣoṣo nígbà tí ewu ń gba ọ̀nà méjì wọlé.

Mo rò pé mo ti kọ́ ọ dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà jókòó sílẹ̀, Kòmísẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri bọ̀. Mo dìde dúró, mo la ojú mi kalẹ̀ sára rẹ̀, mo ń ṣọ́ ọ bí ẹ̀ṣọ́ bodè kó má baà fi ẹnu kan ọmọ. Félísítè jáde láti ilé ìdáná, ó dúró, ó wò wá.

"Bàbá ọmọ," ló wí, "kí ni ọmọ yìí ń jẹ?"

Mo wo ilẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti kọjá láàárọ̀, ọmọ mi sì ti kó ohun tó fi sílẹ̀ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ wọ́mùwọ́mù bí ẹ̀pà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mò ń kó o jáde, ẹ̀rín ń pa mí, ojú ń tì mí. Félísítè ti wọlé lọ wá ike kékeré kan tó ní ìdérí. Nígbà tó jáde, kò fi ike náà lé mi lọ́wọ́.